Okùn Àkọ́díọ́nì Bàbá Wa

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìlú wa ní Minnesota, ní Amẹ́ríkà, ní ilé-iṣẹ́ rédíò tirẹ̀, lókè ìsọ̀ alápatà. Bí oòrùn bá yọ, wọ́n á ṣí i; bí ó bá wọ̀, wọ́n á tì í. Láràárọ̀ ni rédíò mi máa ń sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé ilé màlúù bí mo bá ń fún wàrà.

Ètò tí gbogbo ìlú kì í fẹ́ kó fo àwọn ni ti pàṣípààrọ̀. Ẹni tó ní nǹkan tí kò lò mọ́ á pe Verlyn, olóòtú ètò, lórí fóònù, á sì sọ ọ́ fáyé gbọ́. Òfin Verlyn ni pé ẹni tó bá fẹ́ nǹkan náà gbọ́dọ̀ dárúkọ ara rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí yìnyín ṣì wà nílẹ̀, mo gbọ́ ohùn Arvid, ẹ̀gbọ́n mi.

"Àkọ́díọ́nì bàbá mi ni. Mi ò tà á. Kò ní okùn èjìká, ẹnì kan tó mọ ara rẹ̀ ló mú un. Kó mú okùn wá, kó gbé àkọ́díọ́nì lọ. Bí kò bá pè kí ètò yìí tó parí, màá gbé e fún ilé-ẹ̀kọ́."

Lọ́jọ́ tí a sin bàbá wa, kọfí àwọn àlejò ò tíì tutù tí Arvid fi ní òun ń gbé àkọ́díọ́nì, dùùrù tí bàbá máa ń gbé kọ́ èjìká, lọ. Ibi tó ti ń wá fìlà rẹ̀ ni mo ti tú okùn àkọ́díọ́nì náà. Láti ọjọ́ náà, a ò bára wa sọ̀rọ̀. Okùn náà wà lórí ìṣó nílé màlúù. Mo máa ń fi òróró pa á kó má baà gbẹ.

Alma, ìyàwó mi, yọjú. "Ṣé o gbọ́?"

"Etí mi ò di."

"Pè é, kí wọ́n tó gbé e fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tó máa bà á jẹ́."

"Kí gbogbo ìlú wá mọ̀ pé èmi ni mo mú okùn?"

"Selmer, ta ni kò mọ̀? Àwọn màlúù yìí gan-an mọ̀."

Mo pè. Àwa àti àwọn aládùúgbò la jọ ń lo wáyà fóònù kan. Bí wọ́n bá gbé tiwọn láti gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni, ńṣe ni ohùn á máa rẹlẹ̀.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀?" Verlyn bèèrè.

"Ẹni tí okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni."

"Ẹ dárúkọ, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ sọ ọ́ sókè, a ò gbọ́ yín dáadáa."

Mo ń gbọ́ bí àwọn aládùúgbò ṣe ń mí. Ìyá Ingeborg, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, ló sọ̀rọ̀ nínú wáyà. "Ẹ̀yin èèyàn, ẹ gbé fóònù yín sílẹ̀ kí ọkùnrin yìí lè dárúkọ. Ẹ ó ṣáà gbọ́ ọ nínú rédíò."

Wọ́n ń gbé e sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó, kó, kó. Wáyà náà mọ́ kedere.

"Selmer Tveit ni," mo ní. "Èmi ni mo mú un. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, màá tún mú un."

"A dúpẹ́," ni Verlyn wí. "Arvid, ó ti dárúkọ o."

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Arvid, àkọ́díọ́nì wà lórí tábìlì ilé ìdáná.

"O pẹ́," ó ní.

"Ọ̀nà ò dáa. Kí ló dé tí ẹ ò kàn pè mí?"

"Ṣé o máa dá mi lóhùn?"

Mo rò ó. "Rárá."

Ó di àkọ́díọ́nì náà mú kí n lè so okùn náà mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ó bu kọfí fún mi. Mi ò tíì dárí jì í títí dòní. Ṣùgbọ́n mo jókòó, mo sì mu ún kó tó tutù.