Ẹni Tó Yí Àṣẹ Keje Padà

Pákó kẹta ti kán mọ́ Ẹnjiníà Akínbọ̀dé lẹ́yìn kí Adébánjọ tó ráyè gba àárín èrò kọjá. Iwájú gbọ̀ngàn ẹ̀rọ ni wọ́n wọ́ ọ sí, lórí lẹ́búlẹ́bú pákó, nínú oòrùn ọ̀sán. Bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti bọ́. Etí rẹ̀ kan ti ya, ẹ̀jẹ̀ sì ti ba ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ jẹ́ dé ìdodo. Kò pariwo mọ́. Wọ́n ti fọ́ ọ lẹ́nu débi pé bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kò ní lè sọ ọ́.

Málọmọ́ ló ń lù ú jù. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń yí gẹdú sílẹ̀ lórí lọ́rì ni, àbúrò Bàrúwà mẹkáníìkì ni pẹ̀lú, ó sì ti bá àwọn ará Pọ́bẹ̀ gé igi fún ọdún mẹ́fà kí ó tó wá gba iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ pákó Ayétòrò. Ó mú àdá dání.

"Ẹ na ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún mi," ó wí, ohùn rẹ̀ kò sì lọ sókè. "Ọwọ́ ọ̀tún ni mo ń fẹ́. Ọ̀tún ni ti ẹ̀gbọ́n mi."

Kò tíì pé wákàtí kan tí ẹ̀rọ ìtẹpákó pa ẹnu dé mọ́ apá Bàrúwà títí dé ìgbọ̀nwọ́. Ẹ̀rọ yìí ló ń fi ooru àti agbára lẹ pákó pẹlẹbẹ mọ́ra wọn. Nígbà tí wọ́n fi irin gbé ẹnu ẹ̀rọ sókè, ohun tí wọ́n yọ níbẹ̀ kò jọ ọwọ́ mọ́. Lọ́rì ti gbé Bàrúwà lọ sí Ìlaró. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn dé géètì. Kí Àṣíáwù ìyàwó rẹ̀ tó sáré dé láti ibi tó ti ń po gọ́ọ̀mù, ọkọ̀ ti lọ.

Ohun tó sọ àwọn òṣìṣẹ́ di ẹranko kò ju ọ̀kan lọ: gbogbo wọn ló rí i pé Bàrúwà lu Méje kí ó tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Kọ̀ǹpútà ló ń darí ẹ̀rọ náà láti ọdún 1974. Nínú kọ̀ǹpútà yìí, ètò kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa wá àṣìṣe inú ètò tó ń darí ẹ̀rọ. Atọpinpin ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pàṣẹ fún un: wọn a lu nọ́ńbà sí ara téèpù bébà ní ihò ihò, wọn a sì fi téèpù náà bọ kọ̀ǹpútà lẹ́nu. Àṣẹ méjìlá péré ló bá Atọpinpin dé láti òkè òkun. Adébánjọ, tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà, ló fi ọdún mẹ́rin sọ wọ́n di mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, bí ìṣòro ṣe ń yọjú. Ó kọ gbogbo wọn ní Yorùbá sínú ìwé kan tó fi okùn so mọ́ tábìlì, kí ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì má baà ṣìṣe. Òfin kan ṣoṣo ló fún ara rẹ̀. A lè fi tuntun kún un, ṣùgbọ́n ohun tí nọ́ńbà kan ń ṣe lánàá ni yóò máa ṣe lọ́la, nítorí téèpù àtijọ́ tó rọ̀ sára ògiri lé ní igba, àwọn ènìyàn sì ń mú wọn lò láìbi ẹnikẹ́ni.

Àṣẹ Keje ń dá ètò dúró, ó sì ń gé iná ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sẹ́ni tó ń ki ọwọ́ bọ ẹ̀rọ láìjẹ́ pé ẹnìkejì rẹ̀ ti bi í pé, "Ṣé o ti lu Méje?" Ó ti di àwàdà láàárín wọn: bí ìyàwó ẹnìkan bá ń bínú nílé, wọn a ní kí ó lu Méje kó tó wọlé.

Oṣù kẹrin rèé tí Akínbọ̀dé dé. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni, ó mọ̀wé, kò sì yọ̀lẹ. Ó ní Méje ń fi àkókò ṣòfò, pé bí iná bá ti kú, ogójì ìṣẹ́jú ni ẹ̀rọ fi ń gbóná padà. Ó fẹ́ kí Méje máa dá ètò nìkan dúró, kí gígé iná sì di nọ́ńbà kejìlélọ́gbọ̀n. Adébánjọ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi Méje sílẹ̀, kí ó fún nǹkan tuntun ní nọ́ńbà tuntun.

"Ọ̀gbẹ́ni Adébánjọ," Akínbọ̀dé dá a lóhùn lójú àwọn akọ̀wé, "ìmọ̀ ilé-ìwé alẹ́, ẹ jẹ́ kó parí síbẹ̀."

Àwọn akọ̀wé rẹ́rìn-ín. Ọdún méje ni Adébánjọ fi rìn láti Òkè-Ọ̀dàn lọ sí ilé-ìwé alẹ́ yẹn, atùpà lọ́wọ́. Ní ọjọ́ Ẹtì, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí Àṣẹ Keje padà bí ọ̀gá ṣe wí. Akínbọ̀dé lẹ ìkéde Gẹ̀ẹ́sì tó fi orúkọ ara rẹ̀ sí mọ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, ó ní kí Adébánjọ sọ ọ́ fún àwọn mẹkáníìkì ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé pé. Bàrúwà gbé àpótí irinṣẹ́ kọjá, ó kí i, ó tún fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ojú rẹ̀ le bí ẹni tí ìyàwó kò fún lóúnjẹ. Adébánjọ dáhùn ìkíni. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé kí ẹni tó mọ̀wé lọ ṣàlàyé ìwé rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó sì dákẹ́.

Ní báyìí, ọkùnrin méjì ti tẹ apá Akínbọ̀dé mọ́ orí gẹdú kan. Àṣíáwù dúró níbẹ̀, gọ́ọ̀mù ti gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Ẹ dúró ná," obìnrin náà wí. "Ta ló yí i padà? Ẹnu ẹni tó yí i padà ni mo fẹ́ gbọ́."

Akínbọ̀dé yí ojú rẹ̀ kan tó ṣì ń ríran sí Adébánjọ. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ ọwọ́ tó yí i. Bí Adébánjọ bá dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ọ̀rọ̀ náà yóò parí sórí gẹdú yẹn.

"Èmi ni," Adébánjọ wí. "Òun ló ní kí n yí i, èmi ni mo yí i. Wọ́n ní kí n sọ fún Bàrúwà láàárọ̀. Mo rí i. N kò sọ."

Ìdí àdá ni Málọmọ́ fi gbá a lẹ́nu. Eyín méjì ló bá ẹ̀jẹ̀ jáde. Nígbà tó ṣubú, bàtà ń sọ̀ kalẹ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹnìkan sì tẹ ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí egungun fi ró. Kò bo orí.

"Bọ̀dá Adébánjọ," Málọmọ́ wí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń ta á nípàá, "ọdún mẹ́rin lẹ ti ń bá ẹ̀gbọ́n mi jẹun nínú abọ́ kan."

"Ó tó," Àṣíáwù wí. "Bí ẹ bá pa á, ta ni yóò dá Méje padà? Lọ́la ni ẹ óò tún ki ọwọ́ bọ ibẹ̀."

Wọ́n gbé e wọlé. Nínú dúróọ̀ tábìlì rẹ̀ ni téèpù Atọpinpin ti tẹ́lẹ̀ wà, èyí tí kò lè jù nù. Ọwọ́ òsì ló fi gbé e bọ kọ̀ǹpútà lẹ́nu. Nígbà tó parí, ó lu Méje sí téèpù kékeré kan, ó fi ìyẹn náà bọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ dákẹ́.

Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Ó rí i lójú wọn. Ó rìn lọ sídìí ẹ̀rọ ìtẹpákó, ó na apá ọ̀tún rẹ̀ sínú ẹnu rẹ̀ títí dé ìgbọ̀nwọ́, níbi tí ẹ̀jẹ̀ Bàrúwà ti gbẹ di dúdú. Irin rẹ̀ ṣì gbóná débi pé irun apá rẹ̀ ń ká.

"Ìyàwó wa," ó wí, "ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ń pa ẹnu rẹ̀ dé yẹn."

Málọmọ́ wo Àṣíáwù. Obìnrin náà lọ síbi bọ́tìnnì, ó tẹ̀ ẹ́. Kò sí ohun tó mì. Ó tún un tẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó fi gbogbo ara tì í, ó sì dì í mú bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Adébánjọ kò fa apá rẹ̀ yọ títí Àṣíáwù fi jọ̀wọ́ bọ́tìnnì.

Níta, wọ́n ti ń gbé Akínbọ̀dé sínú ọkọ̀. Adébánjọ fi ọwọ́ òsì ṣí ìwé tó so mọ́ tábìlì. Nísàlẹ̀ pátápátá, ó kọ nọ́ńbà kejìlélọ́gbọ̀n, ó fi ohun tí ẹnjiníà ń fẹ́ sí iwájú rẹ̀: dídá ètò nìkan dúró. Lẹ́yìn náà ó ṣí ojú ewé tí Méje wà, ó kọ ọ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yí i padà.

"Kọ orúkọ ọkọ mi síbẹ̀," Àṣíáwù wí lẹ́yìn rẹ̀.

Ó kọ ọ́: Bàrúwà. Lábẹ́ rẹ̀, kí ọlọ́pàá tó dé, ó kọ orúkọ ti ara rẹ̀.