Pèrègún Ààlà Èmi àti Mang Endun

Èmi Oyoh kì í ṣe ẹni tó ń tètè gba èèyàn gbọ́. Ní abúlé wa, wọ́n ní bí adìyẹ bá yé ẹyin lójú mi, màá bi í pé ta ló rán an. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé ààlà ilẹ̀ rẹ̀ tó lọ sùn, kó tó jí, aládùúgbò á ti gbin ẹ̀gẹ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní.

Ilẹ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi kò tóbi. Ẹ̀gbẹ́ òkè ló wà, ilé mi wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú adágún ẹja kékeré kan àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ díẹ̀. Ọkọ mi ti kú, ọmọ mi obìnrin ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Bandung, ẹ̀rọ ìránṣọ mi ló ń bọ́ mi. Lókè mi ni ilẹ̀ Mang Endun wà; Mang là ń pe ọkùnrin tó bá ju èèyàn lọ lọ́jọ́ orí. Òun náà, ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò sì sí ẹlòmíràn lọ́dọ̀ rẹ̀ àfi àgbò kan tó ń jẹ́ Jalak. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ tó ń bá àgbò yẹn sọ pọ̀ ju èyí tó ń bá àwa èèyàn sọ lọ.

Pèrègún pupa ló la ilẹ̀ àwa méjèèjì. Bàbá mi àti bàbá rẹ̀ ló jọ gbìn ín. Wọ́n ta okùn láti ara àpáta dúdú dé ìdí igi máńgòrò, wọ́n sì gbin pèrègún tẹ̀lé okùn náà. Ó tọ́ gbọnrangandan, gbogbo abúlé ló mọ̀.

Lọ́dún tí òjò pọ̀ yẹn, mo lọ já ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo sì rí i pé pèrègún àárín ti yọ ikùn sọ́dọ̀ mi. Mo nu ojú mi. Mo lọ mú okùn, mo fà á láti àpáta dé máńgòrò. Òótọ́ ni. Àwọn tó wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì kò kúrò lójú kan, ṣùgbọ́n àwọn ti àárín ti wọ inú ilẹ̀ mi débi tí èèyàn lè dùbúlẹ̀ sí. Mo kọjú sókè, mo figbe ta.

"Mang Endun! Ẹ jáde wá o!"

Ó yọjú lẹ́yìn ilé àgbò, sìgá oníkànáfùrù lẹ́nu rẹ̀. "Kí ló dé tí o ń pariwo bí ẹni tí wọ́n gbà lọ́kọ?"

"Ọkọ mi ti kú, ẹ mọ̀. Ilẹ̀ ló kù, òun náà lẹ tún ń jí díẹ̀díẹ̀ yìí. Ẹ wo okùn!"

Ó wò ó. "Okùn ẹ ló wọ́."

"Okùn tí mo fà le tó báyìí?"

"Ojú ẹ ló wọ́ nígbà náà. Oyoh, ta ni kò mọ̀ ẹ́? Ìwọ náà lo wá mi òpó ilé àgbò mi. Gbogbo ilé ti fì sọ́dọ̀ ẹ bí ẹni fẹ́ kí ẹ káàárọ̀. Ṣé o rò pé mi ò rí i ni?"

"Kí ni mo fẹ́ fi òpó àgbò ṣe?"

"Kí lèmi náà fẹ́ fi pèrègún ṣe?"

Láti ọjọ́ náà, kò sóhun tó ṣẹlẹ̀ tí mi ò rí ọwọ́ Endun níbẹ̀. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná mi kò fẹ́ padé mọ́, mo ní òun ló wá yẹ ẹ́ kó lè rí ọ̀nà wọlé. Omi adágún mi pọ́n, mo ní omi ọṣẹ àgbò ni. Mo wá so òwú ìránṣọ láti ara pèrègún kan sí èkejì, kí n lè mú un. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òwú ti já, ṣùgbọ́n mi ò rí ipasẹ̀ kankan nínú ẹrẹ̀. Mo ní hà, ọkùnrin yìí mà mọ iṣẹ́ o! Ó ń jí ilẹ̀, kò tiẹ̀ fẹsẹ̀ kàn án.

Mo ránṣẹ́ pe Abah Omay, àgbàlagbà tó jẹ́ olórí àdúgbò wa. Ó dé láàárọ̀, Endun náà sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú àdá lọ́wọ́. Mo sọ tẹnu mi. Mo pè é ní olè lójú ara rẹ̀.

Abah gbọ́ tán, ó ní kí n gbé ọkọ́ wá. "Àwọn bàbá yín kì í ṣe ọmọdé," ó ní. "Ìdí pèrègún kọ̀ọ̀kan, wọ́n sin èédú àti ìgò sí i. Olè tó bá wú igi kì í rántí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀."

Ó gbẹ́ ìdí èyí tó wọ ilẹ̀ mi jù. Èédú ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ìgò aláwọ̀ ewé, gbòǹgbò ti wé mọ́ ọn pinpin.

Endun pàtẹ́wọ́. "Ó ti tán! Kò sẹ́ni tó wú u! Oyoh, wá gbé ìtìjú ẹ!"

Ojú tì mí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Abah kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo òkè.

"Kò sẹ́ni tó wú u," ó ní. "Síbẹ̀, kò sí níbi tí wọ́n gbìn ín sí. Ilẹ̀ ló gbé e rìn."

Ó gòkè lọ sẹ́yìn ilé àgbò, a tẹ̀lé e. Ilẹ̀ ti là níbẹ̀, apá mi lè wọ ibẹ̀ dé èjìká. Endun ti da koríko bò ó.

"Ìgbà wo lèyí ti wà níbí, Endun?"

"Mo rò pé Oyoh ló ń gbẹ́ ilẹ̀ nísàlẹ̀, Abah, tí tèmi ń tẹ̀ lé e lọ."

"Ẹ kó ẹrù yín. Kí òjò ọ̀sán yìí tó dé, mi ò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni lórí òkè yìí. Ẹ lọ sí mọ́sálásí ní òdìkejì odò." Ó yára lọ kìlọ̀ fún àwọn tó kù.

Mo di ìrẹsì, mo di aṣọ ìkírun, mo fi aṣọ wé ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe bojú wo adágún, omi ti lọ tán, àwọn ẹja ń jà pìtìpìtì nínú ẹrẹ̀. Mo gbọ́ gbòǹgbò ọparun lókè tó ń já, bí ẹni ń ṣẹ́ igi ìdáná. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo sáré gòkè lọ bá Endun. Ó jókòó, ó ń mu kọfí.

"Mang Endun, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká lọ. Omi adágún mi ti gbẹ."

"Ta ló mu ún?"

"Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín!"

"Ìwọ tí o pè mí lólè láàárọ̀ lo ń bẹ̀ mí lọ́sàn-án? Oyoh, ọgbọ́n ẹ pọ̀. Kí n sọ̀ kalẹ̀, kí o wá tún pèrègún gbìn, àbí? Máa lọ o."

Bí ó bá jẹ́ èmi, ohun tí màá sọ náà nìyẹn. Mo bi ara mi pé kí ló lè lé irú wa jáde nílé. Olè nìkan ni.

Mo yí lọ sẹ́yìn ilé, mo já ewé ọ̀dùnkún dání, mo tú Jalak. Láti ibẹ̀ mo ń rí ẹ̀rọ ìránṣọ mi lẹ́nu ọ̀nà nísàlẹ̀. Èèyàn kò lè fa àgbò kó tún gbé irin. Mo gbójú kúrò níbẹ̀.

"Endun!" Mi ò tiẹ̀ fi Mang sí i. "Endun, mo ti jí àgbò ẹ o! Alápatà ni màá tà á fún!"

Ife kọfí já bọ́, ó fọ́. "Olè! Ẹ bá mi mú Oyoh o!"

Mo sáré, àgbò ń sáré tẹ̀lé ewé, Endun ń sáré tẹ̀lé àgbò, láìwọ bàtà, pẹ̀lú àdá. A kọjá ilé mi. A kọjá afárá ọparun. Níwájú mọ́sálásí ló ti gbá ìborí mi mú.

"Lónìí ni wàá mọ̀ pé—"

Kò parí rẹ̀. Òkè tí a ti sọ̀ kalẹ̀ ṣí kúrò láyè rẹ̀, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọparun ṣì dúró lórí rẹ̀, lẹ́yìn náà ló wó. Òrùlé Endun ló kọ́kọ́ lọ. Tèmi tẹ̀lé e. Àpáta dúdú àti igi máńgòrò nìkan ló kù, ẹrẹ̀ ló wà láàrin wọn.

Mo sunkún. Mo sunkún ilé mi, mo sunkún ẹ̀rọ ìránṣọ mi bí ẹni ń sunkún òkú. Endun jókòó tì mí, ó gbọ́wọ́ lé ẹ̀yìn Jalak.

"Ewé ọ̀dùnkún," ó sọ nígbà tó yá. "Ta ló sọ fún ẹ pé òun ni Jalak fẹ́ràn?"

"Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ṣọ́ yín."

"Mo mọ̀. Èmi náà ń ṣọ́ ẹ."

Wọ́n pe ìrun. Ó dìde láti lọ ṣe àlùwàlá, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, gbogbo abúlé ló ti kún ọgbà mọ́sálásí. Ó fi okùn àgbò sí mi lọ́wọ́.

"Bá mi dì í mú. Mò ń wò ẹ́ o."

Mo wé okùn náà mọ́ ọwọ́ mi dáadáa, torí èrò pọ̀ níbẹ̀, mi ò sì gba ọ̀kankan nínú wọn gbọ́.