Kọ́bọ̀ Oníhò Tó Kọ̀ Láti Wẹ̀

Mo lá àlá kan lọ́sàn-án àná, ẹ̀yin ará ilé, lẹ́yìn tí mo jẹ ẹ̀bà tán. Ẹ má wulẹ̀ sọ pé àlá ọ̀sán kì í ṣẹ. Ẹ gbọ́ ná.

Ẹ mọ Oyèkúnlé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé wa fara kanra. Ó di ọdún mẹ́fà tí a ti kí ara wa gbẹ̀yìn. Òun ló sọ létí mi lójúde láàárọ̀ àná pé kíkó owó àtijọ́ jọ kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí kò kọjá kíláàsì kẹrin. Ilé ni mo gbà lọ, mo tú àpótí ìyá mi àgbà, mo sì rí kọ́bọ̀ oníhò kan níbẹ̀, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo ní, "Ó parí. Ibí ni n ó ti bẹ̀rẹ̀." Mo gé ọsàn wẹ́wẹ́, mo bu eérú sínú abọ́, bí a ṣe ń fọ idẹ. Mo ní kí n fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ kí n tó fọ̀ ọ́. Oorun gbé mi lọ.

Nínú àlá, mo ti ń fọ̀ ọ́. Mo fi eérú ra á lójú báyìí, kọ́bọ̀ sín.

"Ta ló ń fún ọsàn sí mi lójú?"

Kọ́bọ̀ yìí ti wà kí wọ́n tó bí bàbá mi, mo bá dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Èmi ni, bàbá."

"Dìde! Ojú mi gan-an lo fi ìka tẹ̀ yẹn. Etí ni wọ́n ti ń di owó àtijọ́ mú. Ṣé kò sẹ́ni tó kọ́ ẹ ni?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni, bàbá."

"Ó hàn."

Omi ọsàn kún abọ́, ó ṣàn jáde, ó di odò. Ọ́fíìsì àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ sì ń léfòó bọ̀ lórí rẹ̀. Wọ́n fi okùn so ó mọ́ igi ọsàn kó má baà ṣáko lọ. Ilẹ̀kùn ní kí n bọ́ bàtà. Mo bọ́ bàtà.

Nínú ọ́fíìsì náà, owó kọ̀ọ̀kan ń sùn nínú ìwé tirẹ̀, bí ọmọ tuntun nínú aṣọ. Tọ́rọ́ kan yọrí jáde.

"Ẹ wá wo ẹni tó fi ọsàn wẹ bàbá wa! Ó kù kó fi ata rodo sí i!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọ́fíìsì fi ń mì.

Ọ̀gá wọn, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ onírùngbọ̀n, ṣí ìwé ńlá kan. Ó ní, "Owó tí èèyàn kọ́kọ́ ní ló ń jẹ́rìí sí i kí n tó kọ orúkọ rẹ̀. Kọ́bọ̀, ọdún wo ni wọ́n rọ ẹ́?"

Kọ́bọ̀ ní, "Mi ò bá ẹni tó mú mi wá sọ̀rọ̀ mọ́."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá. Bí ẹ kò bá jẹ́rìí, Oyèkúnlé á fi mí ṣẹ̀sín dọjọ́ alẹ́."

"Ọdún mélòó lo ti di Oyèkúnlé sínú?"

"Òun àti òbúkọ rẹ̀, ọdún mẹ́fà. Òbúkọ yẹn jẹ fìlà ẹtù mi."

"Mẹ́fà péré? Ọgọ́ta lèmi máa ń ṣe."

Mo wò ó tìyanu-tìyanu. Mo ti rí ọ̀gá mi.

Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọjọ́ tí o kọ́kọ́ rìn, ìyá rẹ àgbà fi òwú so mí mọ́ ọ nídìí. Àdí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Dúdú tí o ń fi eérú bó yìí, àdí ọwọ́ rẹ̀ ni. Kò sí ibòmíràn tó tún kù sí láyé."

Mo gbọn eérú ọwọ́ mi dànù.

Ibẹ̀ ni ọ̀gá ọ́fíìsì ti húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó di òbúkọ. Òbúkọ Oyèkúnlé ni! Fìlà ẹtù mi ló dé sórí, ó ń dán bí ọjọ́ tí mo rà á.

Ó ní, "Fìlà ẹ rèé. Gbé kọ́bọ̀ yẹn sílẹ̀ kí n jẹ ẹ́, kí o sì gba fìlà ẹ, kí ìjà tán."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo wo fìlà náà. Ọdún mẹ́fà! Ọwọ́ mi tiẹ̀ ti nà díẹ̀. Àwọn tọ́rọ́ kò mí mọ́.

Mo rọra fi ìka méjì di kọ́bọ̀ létí. Mo ní, "Máa jẹ fìlà lọ. Jẹ ẹ́ tán."

Kọ́bọ̀ rẹ́rìn-ín. "Háà, o ti mọ ibi tí wọ́n ti ń di owó mú."

Okùn já, mo jábọ́ sórí ẹní mi.

Àṣàbí, ìyàwó mi, dúró lé mi lórí. "Bàbá Ìbídùn, kí ló yí róbótó sí yín lẹ́rẹ̀kẹ́ yìí?"

Orí kọ́bọ̀ ni mo sùn lé. Nígbà tí mo yíjú sẹ́nu ọ̀nà, òbúkọ Oyèkúnlé ló wà níbẹ̀. Ó ti jẹ ọsàn mi tèèpo-tèèpo, eérú kún irùngbọ̀n rẹ̀, kíkan ọsàn sì mú un dijú pa. Àṣàbí na ìgbálẹ̀ sí mi kí n fi lé e, bó ṣe máa ń ṣe láti ọdún mẹ́fà.

Mo ní, "Jẹ́ kó jẹun."

Ó fọwọ́ kàn mí níwájú orí bóyá ara mi ń gbóná. Èmi fa ìwé ya, mo we kọ́bọ̀ mi bó ṣe dúdú, mo kọ "kìíní" sí i.

Mo ti dárí ji òbúkọ. Oyèkúnlé ní tirẹ̀ ṣì ku ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta.