Fọ́tò Tí Mo Ní Kí Wọ́n Gbé Kọ́

Bí ẹ bá gbọ́ tí àwọn ará Òkèrèwè ń pè mí ní alátojúbọ̀, òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Èmi Àyọ̀kẹ́ ni mo kó ọmọ ọlọ́mọ sí wàhálà, mi ò sì ní purọ́ fún un yín pé ẹlòmíràn ni.

Télọ̀ ni mí. Òkèrèwè ni mò ń gbé, Mayfair ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Lọ́dún 1994, Ràódàt, ọmọ Alfa Abdulrauf tí ilé wọn kangun sí tiwa, gbé aṣọ funfun wá bá mi. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Alfa fúnra rẹ̀ ló rán an lọ. Ó ní ó tó gẹ́ẹ́ kí àwọn obìnrin Mùsùlùmí máa tú ara sílẹ̀ fún dókítà ọkùnrin, pé ọmọ tòun ni yóò máa tọ́jú wọn. Ó fi ọmọ náà yangàn títí a ò fi rímú mí ládùúgbò.

"Anti, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rán apá rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì gùn dáadáa," Ràódàt bẹ̀ mí.

Kò sí ẹni tó fi ipá mú un bo ara. Láti kékeré ló ti fẹ́ràn ìbòrí rẹ̀. Mo rán an bó ṣe wí, ó wọ̀ ọ́ wò níwájú dígí, inú rẹ̀ dùn.

Lọ́jọ́ kejì, ẹkún ló sun wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ìyáàfin Fákúnlé, olùkọ́ wọn àgbà, ti fi sísọ́ọ̀sì gé apá aṣọ náà lójú gbogbo kíláàsì. Ó ní apá kúkúrú ni, kó mọ lórúnkún, kò sì gbọdọ̀ sí ìbòrí lórí. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn kó lọ jókòó sílé bàbá rẹ̀.

Dípò kí n ní kó lọ sọ fún bàbá rẹ̀, ọgbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́yí ló sọ sí mi lọ́kàn. Mo ní, "Nu ojú rẹ, jàre. Máa wọ ìbòrí rẹ jáde nílé. Bí o bá dé ọ̀dọ̀ mi, bọ́ sẹ́yìn kọ́tìnì kí o pààrọ̀ sí aṣọ nọ́ọ̀sì. Bí o bá ń padà lọ, kí o tún pààrọ̀."

"Anti, irọ́ nìyẹn."

"Irọ́ wo? Ṣé bàbá rẹ bi ọ́ ni?"

Ó gbà, ṣùgbọ́n kò dùn mọ́ ọn. Àràárọ̀ ni mo ń gbọ́ tó ń mí kanlẹ̀ lẹ́yìn kọ́tìnì. Bó bá jáde, á ká apá rẹ̀ méjèèjì mọ́ àyà, á máa sáré rìn bí ẹni tí òjò ń lé. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé apá lásán ni, kò jí i gbé. Ojú ń tì mí bí mo bá rántí yẹ̀yẹ́ yẹn.

Oṣù mẹ́fà kọjá. Ràódàt ló ṣe ipò kìíní nínú ìdánwò wọn, wọ́n sì dé àwọn tó yege ní fìlà nọ́ọ̀sì. Lọ́jọ́ náà, mo fà á lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ Lágúnjú onífọ́tò ní Òkèrèwè. Ṣebí èmi ni mo rán aṣọ? Kò sì sí èyí tó jókòó sára bíi tirẹ̀ nínú gbogbo ẹgbẹ́ wọn.

Fọ́tò tó bá wu Lágúnjú, ńlá ló máa ń fọ̀ ọ́, á gbé e sínú dígí níwájú ṣọ́ọ̀bù kí oníbàárà lè rí i. Ó bi mí bóyá kí òun gbé ti Ràódàt síbẹ̀. Mo ní kó gbé e kọ́, kó sì kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi sábẹ́ rẹ̀. Mi ò bi Ràódàt. Oníbàárà ni mò ń wá, mo sì ti dá ara mi lójú pé Alfa kì í wo fọ́tò.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tiwa ò tilẹ̀ lọ lọ́dún kan. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, bí wọ́n ṣe ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀, ẹnì kan kí Alfa kú oríire: "A rí fọ́tò nọ́ọ̀sì yín lójú títì, ó mà dára o!"

Alfa lọ wò ó. Lágúnjú sọ fún mi pé ó rìn lọ bá dígí náà. Ó tú láwàní orí ara rẹ̀, ó sì fi bo dígí náà lójú gbogbo èrò.

Mo lọ bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ó ní kí n jókòó.

"Ìyá Ìkẹ́olúwa," ó ní, "ká ní ó sọ fún mi pé wọ́n gé aṣọ òun, ǹ bá lọ bẹ̀ wọ́n. Oṣù mẹ́fà ló fi ń kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀, tó ń gba àdúrà lẹ́nu mi, tó sì ń tàn mí jẹ. Bí wọ́n bá jẹ́ kó bo ara, yóò padà sílé-ẹ̀kọ́ lọ́la."

Mo sáré lọ bá Ìyáàfin Fákúnlé.

"Nínú ìjọ tèmi, a kì í ṣí orí sílẹ̀," ó dáhùn. "Nígbà tí mo di nọ́ọ̀sì, mo ṣí i. Mo sunkún, mo sì ṣí i. Kí ló dé tí tirẹ̀ fi máa yàtọ̀?"

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ tí mo bọ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Kò sí ẹni tó yẹsẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n yọ orúkọ Ràódàt kúrò nínú ìwé.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gbowó oṣù, mo pàdé rẹ̀ ní Sábó níbi tó ti ń ra ẹ̀wà. Mo kúnlẹ̀ fún un lójú ọjà, èmi tí mo lè bí i lọ́mọ. Ó yára fà mí dìde.

"Anti, mi ò bínú nítorí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mọ́. Ìyẹn ti lọ."

"Kí ló wá kù, ọmọ mi?"

"Bàbá mi ò gbà mí gbọ́ mọ́. Bí mo bá kírun tán, wọ́n á ní ṣé lóòótọ́ ni mo kí i, wọ́n á ní kí n tún un kí lójú àwọn." Ó gbé ẹ̀wà rẹ̀ mọ́ra. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tún un kí, Anti. Ní báyìí, bí mo bá forí kanlẹ̀, èmi fúnra mi ò mọ̀ bóyá Ọlọ́run ni mò ń kírun fún, àbí bàbá mi."