Koríko Tó Ga Dé Ìbàdí

"Kí ló dé tí màlúù mi ń rù nígbà tí koríko ga dé ìbàdí mi?"

Ìyá Dorcas Oyèdèjì ló béèrè bẹ́ẹ̀, ní Sátidé kẹta ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń ṣe fún àwa tí à ń sin màlúù, nínú gbọ̀ngàn kékeré kan tí kò jìnnà sí Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́. Ọ̀gbẹ́ni Akínpẹ̀lú tó ń kọ́ wa wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó wo aago, ó ní a ó padà síbẹ̀. A ò padà síbẹ̀. Àjàní, alápatà tó fẹ́ máa sin èyí tí yóò pa fúnra rẹ̀, ló fi ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀fẹ̀.

"Bóyá ààwẹ̀ ni wọ́n ń gbà, Mà. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti wọ ìjọ aládùúrà."

A rẹ́rìn-ín. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ti pa ìwé rẹ̀ dé kí ẹ̀rín wa tó tán.

Èmi ni mo jókòó tì í, mo sì mọ ohun tó wà nídìí ìbéèrè náà. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ilẹ̀ tó ń lò ní ẹ̀yìn Ògbómọ̀ṣọ́, ilẹ̀ ìdílé ọkọ ni. Dúrósinmí, àbúrò ọkọ rẹ̀, fún un ní ọdún méjì pé kó fi hàn pé koríko nìkan lè sọ màlúù di ẹran tí ènìyàn ń rà. Ní ìparí oṣù kẹwàá, ìdílé yóò jókòó. Tí àwọn màlúù náà kò bá tíì tóbi tó bí oníbàárà ṣe fẹ́, wọn yóò tà wọ́n, wọn yóò sì gbin kajú sí ilẹ̀. Dúrósinmí kò tilẹ̀ dúró de ìpàdé. Ó ti kó ọmọ kajú wá nínú ọ̀rá dúdú, ó tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ géètì. Ìyá ló ń bomi rin wọ́n.

"Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n kú ni?" ó bi mí nígbà tí mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Kí ni wọ́n ṣe?"

Èmi ní màlúù mẹ́rin ní ọ̀nà Ìsẹ́yìn. Wọ́n ń sanra, mi ò sì mọ ohun tí mo ṣe tí wọ́n fi ń sanra. Ìyẹn gan-an ló ń yọ mí lẹ́nu. Yunifásítì kọ́ mi ní ìṣirò, kò kọ́ mi ní sùúrù; tí mo bá rí okùn tó takókó, oorun ò ní kùn mí títí n ó fi tú u. Mo bẹ Ìyá kó jẹ́ kí n fi fóònù ya gbogbo ojú ìwé tó kọ nípa ọ̀sìn rẹ̀.

Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi wo àwòrán wọ̀nyẹn. Ó ti fún wọn ní oògùn aràn lẹ́ẹ̀mejì. Kànga rẹ̀ kì í gbẹ. Iyọ̀ tí wọ́n ń lá kò tán rí. Ó pín ilẹ̀ sí mẹ́jọ, ó fi wáyà yí ìpín kọ̀ọ̀kan ká, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa, kí àwọn màlúù lè wà nínú ọ̀kan kí koríko àwọn yòókù sì sinmi. Màlúù mẹ́tàlá péré. Mo ṣírò ilẹ̀, mo ṣírò ẹnu. Koríko tó wọn, ó tún ṣẹ́kù.

Nígbà tí ìṣirò kò bá gbè mí mọ́, ènìyàn ni mo máa ń fura sí. Mo pè é, mo bi í bóyá Dúrósinmí máa ń dá wá sí oko.

"Tómisìn, ohun tí Dúrósinmí bá fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi, ojú mi ló ti ń sọ ọ́. Má fi kún un."

Ojú tì mí. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, a ò ní ẹ̀kọ́, mo bá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo gun ọ̀kadà láti ìdíkọ̀ dé ẹnu géètì rẹ̀.

Ó ti ń dúró dè mí pẹ̀lú téèpù tí a fi ń wọn àyà màlúù láti mọ bó ṣe wúwo tó. Ó ti so mẹ́ta mọ́lẹ̀ lẹ́bàá kànga. A wọn èkíní, kò yí padà sí ti oṣù keje. A wọn èkejì, bákan náà. Ẹ̀kẹta ti fi ìka méjì dín sí ti tẹ́lẹ̀. Mo tún un wọn. Ìyá di orí téèpù mú, kò wo ojú mi.

"Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí," ó wí. "Bí mo ṣe ń lọ sí Ọ̀yọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọn ọmọ mi ń bi mí kí ni mo ń wá. Tí èyí bá jẹ́ ohun tí mi ò lè kọ́ mọ́, kí ẹnì kan sọ fún mi, kí n lọ jókòó sílé."

Mo ní kó mú mi yí oko ká.

A tú àwọn màlúù mẹ́ta náà, a dà wọ́n ṣíwájú. Ìpín àkọ́kọ́ tí a kọjá, koríko inú rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, ewé rẹ̀ gbòòrò bí ìgbànú. Èkejì náà rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ni ẹnikẹ́ni tó bá dúró ní géètì máa ń rí, tí yóò sì máa kan sáárá sí Ìyá. Àwọn màlúù wà lẹ́yìn àwọn igi ẹ̀mí tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, níbi tí ilẹ̀ ti dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀.

Ibẹ̀ pá bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Pòròpórò ìdí koríko nìkan ló kù, ó gbẹ, ó gan, wọ́n sì ń fi eyín fà á. Ọ̀kan ti ki ọrùn bọ àárín wáyà, ó na ahọ́n sí koríko tútù tó wà lódì kejì. Ìyá rọra gbá a létí.

"Gbé orí padà. Ẹ jẹ tiyín tán ná."

"Ọjọ́ mélòó ni wọ́n ti lò níbí, Mà?"

"Òní ló pé mọ́kànlá. Wọ́n ń fi èyí tó kù ṣeré ni."

"Kí ló kù?"

Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mi ò gbọ́n. "Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi bọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ń gbé inú ọgbà. Kò sí ọmọ tó gba ìgbakọ kejì lọ́wọ́ mi tí kò kọ́kọ́ jẹ àwo rẹ̀ mọ́. Ọmọ tí a bá jẹ́ kó máa fi oúnjẹ sílẹ̀, a ti bà á jẹ́ nìyẹn." Ó na ọwọ́ sí agbo màlúù náà. "Àwọn wọ̀nyí náà, ó níbi tí wọ́n máa ń dé tí wọn ò ní fẹ́ jẹ mọ́. Mo máa ń dúró dè wọ́n títí wọn yóò fi jẹ tiwọn tán."

Mo wo ewé tútù tó wà lódì kejì wáyà, mo wo pòròpórò gbígbẹ tó wà lẹ́nu màlúù. Ìyá wo ibi tí mò ń wò.

"Mà," mo wí, "ewé ni oúnjẹ wọn. Láti bí ọjọ́ kẹrin, àwo ni wọ́n ń jẹ."

Èyí tí Ìyá gbá létí tún ti na ọrùn kọjá wáyà, ó ń fa koríko tútù sẹ́nu. Lọ́tẹ̀ yìí, kò bá a wí. Ó lọ sí ibi géètì ìpín tó kàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn rẹ̀.