Ẹ̀yìn Rẹ Á Dára

"Tẹ orúnkún díẹ̀. Yọ ìdí sẹ́yìn. Ìdí ni mo wí, Bákẹ́."

Ọmọ́lábákẹ́ tẹ orúnkún, ṣùgbọ́n ìdí kò yọ. Ó gbá bọ́ọ̀lù kékeré náà, ó kàn yí gbirigbiri lórí koríko, ó dúró. Lẹ́yìn rẹ̀, lábẹ́ igi máńgòrò, àgbà mẹ́ta jókòó: Ọ̀gá Dáúdà tó jẹ́ mánija báńkì tí Bákẹ́ ti ń ṣiṣẹ́, àti àwọn oníbàárà ńlá méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ Onitsha.

Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí Bàbá Akínọlá ti ń kọ́ ọ ní gọ́ọ̀fù ní pápá tó wà lọ́nà Nkwelle, ní Onitsha. Mánija ló ní kó wá. Ó ní àwọn oníbàárà ńlá kì í sọ̀rọ̀ báńkì nínú ọ́fíìsì mọ́, orí pápá ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Bí Bákẹ́ bá lè bá wọn gbá a, òun yóò buwọ́ lu ìwé tí yóò gbé e padà sí Ìbàdàn. Ìbàdàn ni Ìfẹ́, ọmọ rẹ̀ ọdún mẹ́rin, wà lọ́wọ́ ìyá àgbà. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin bàbá Ìfẹ́, kò sí ẹni tí yóò máa mójú tó o ní Awada, àdúgbò tí Bákẹ́ ń gbé ní Onitsha, bí ìyá rẹ̀ bá lọ síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ọmọ náà pe Bákẹ́ ní àǹtí lórí fóònù. Bákẹ́ dá a lóhùn, ó bi í bóyá ó ti jẹun. Kò sunkún. Ó ti pẹ́ tí ohunkóhun ti dùn ún.

Bàbá Akínọlá sún mọ́ ọn. Ọmọ Òṣogbo ni, ṣùgbọ́n ó ti lo ogójì ọdún ní Onitsha, èdè Ìgbò ló fi ń bá àwọn tó ń ru igi gọ́ọ̀fù ṣàwàdà. Ó rọra béèrè ohun tó dé, nítorí bí àwọn méjèèjì bá dá wà, dáadáa ló ń gbá a.

"Àgbà ló wà lẹ́yìn mi, Bàbá. Mi ò lè na ìdí sí wọn."

Bàbá wẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Wọ́n kọ́ ẹ nílé. Kí lo wá máa ń sọ bí o bá fẹ́ kọ ẹ̀yìn sí àgbà?"

Bákẹ́ yíjú padà, ó kúnlẹ̀ sórí koríko gbígbẹ. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú, mo kọ ẹ̀yìn sí yín."

Mánija kò gbójú kúrò lórí fóònù rẹ̀. Àwọn oníbàárà wo ara wọn. Ọ̀kan béèrè ní pijin pé kí ló sọnù tí ọmọbìnrin yìí ń wá nílẹ̀. Bàbá Akínọlá ló dá Bákẹ́ lóhùn ní ipò wọn.

"Ẹ̀yìn rẹ á dára."

Bákẹ́ dìde, ó tẹ orúnkún, ó yọ ìdí. Bọ́ọ̀lù náà gbéra, ó fò kọjá àwọn igi ọ̀pẹ. Àwọn àgbà pàtẹ́wọ́. Oníbàárà tó dàgbà jù, tí wọ́n ń pè ní Chief, ní láti òní lọ, òun àti ọmọ yìí ni yóò jọ máa gbá a, kí mánija má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e lọ. Bákẹ́ gbọ́. Inú rẹ̀ kò dùn, kò bàjẹ́.

Ó lọ bá mánija, ó béèrè ìwé Ìbàdàn.

"Ìbàdàn kẹ̀? O ò gbọ́ ohun tí Chief wí ni? Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, a óò tún un sọ."

Bákẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì gbé igi gọ́ọ̀fù fún Bàbá Akínọlá. Ó ní òun ń lọ sí Iweka Road, òun fẹ́ gba tíkẹ́ẹ̀tì mọ́tò Ìbàdàn.

"Bákẹ́, mo ṣì ń bá ẹ sọ̀rọ̀," mánija wí.

Ó kọ ẹ̀yìn sí i. Kò kúnlẹ̀, kò tọrọ gáfárà.

Lẹ́nu géètì, orúnkún rẹ̀ ń ta á níbi tí koríko ti gún un. Ó yà á lẹ́nu pé ó mọ̀ ọ́n lára.