Ìkòkò Tí Kò Rí Epo

"Ta ló ń se oúnjẹ fún un?"

Orí ẹní ni gbogbo wa wà, níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ Suara, nígbà tí Nọ́ọ̀sì Stella béèrè bẹ́ẹ̀. Òun ló ń tọ́jú àwọn òṣìṣẹ́ nílé iṣẹ́ tó ń ṣe ike ní Agége, níbi tí Suara ti ṣiṣẹ́. Ìbílọlá, ẹ̀gbọ́n olóògbé tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, yíjú sí Sàídátù, opó.

"Ìwọ kọ́ lò ń sè é ni?"

"Èmi ni, mà."

"Mo kìlọ̀ fún un," nọ́ọ̀sì ní, "pé ọ̀rá ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Kó má jẹ epo, kó má fẹnu kan ṣàkì. Ẹni tó bá gbọ́ràn kì í kú báyìí."

Ògiri kan péré ló la yàrá èmi arúgbó àti tiwọn. Mo mọ òórùn ìkòkò Sàídátù. Láti ìgbà tí ìjọba alágbádá ti ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni kò ti ta epo sọ́bẹ̀ mọ́. Ẹ̀wà funfun, ewúro bíbọ̀, ẹja tí kò rí òróró. Suara á jẹ ẹ́, á fajú ro, á ní, "Ìyá Àgbà, ẹ bá mi fi orin tì í lọ́fun." Inú mi á dùn, màá dá a:

Ọ̀rá, sọ̀ kalẹ̀, ilé rẹ kọ́ nìyí,
Áyù ti gbọ̀pá, ó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ.

Á gbè é, á rẹ́rìn-ín, á gbé hóró oògùn áyù mì, èyí tí nọ́ọ̀sì ń tà fún wọn.

Nígbà tí àyà bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, ó bẹ nọ́ọ̀sì kó kọ ìwé fún òun lọ sí ọsibítù ìjọba. Nọ́ọ̀sì ní ọ̀gá kò fẹ́ kí ẹ̀rọ dúró. Pé ọ̀rá ló ń yọ́, títa yẹn gan-an ni iṣẹ́ oògùn. Suara fi ayọ̀ ròyìn rẹ̀ fún wa. Bó ṣe ń ta á tó ló ń yọ̀ tó, tó sì ń fi kún hóró tó ń mì. Ìdí ẹ̀rọ ló kú sí.

Òórùn áyù ṣì ń gba ara ògiri wá. Bí mo bá ń kọrin láàárọ̀, ẹnì kan máa ń fi ohùn Suara gbè é lọ́hùn-ún. Mi ò sá mọ́. Mo máa ń dúró kó gbè é tán.

Mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn lórí ẹní. Sàídátù sáré gbé ìkòkò àná jáde. Títí di òní, oúnjẹ ọkọ ẹ̀ náà ló ń sè. Ìbílọlá tọ́ ọ wò, ó tu ú sílẹ̀.

"Èyí tí kò lépo tí kò níyọ̀ lo fi ń bọ́ àbúrò mi? Ebi lo fi pa á."

"Ìbílọlá," mo ní, "epo ló pa á ni, àbí ebi? Ẹ mú ọ̀kan."

Nọ́ọ̀sì ń wo ìka ọwọ́ rẹ̀.

Kí oòrùn tó wọ̀, Ìbílọlá ti kó àwọn ọmọ Suara sínú mọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́. Sàídátù di fèrèsé mú títí wọ́n fi já ọwọ́ ẹ̀ kúrò. Ìbílọlá dúró lẹ́nu géètì, ó fọwọ́ ra àyà.

"Nọ́ọ̀sì, tèmi náà máa ń ta mí nígbà míì."

Nọ́ọ̀sì tú báàgì. Ìbílọlá da hóró sọ́wọ́, ó gbé e mì láìlómi, ó sì wọ mọ́tò tọ àwọn ọmọ lọ.